Àwọn Ojú Òpó Inú Dáyárì Mi

Ohun tó máa ń jí mi ní àgbàlá wa ní Bwari ni ìró ọmọlanke àwọn tó ń ta omi. Àwọn Hausa tí gbogbo àdúgbò ń pè ní mai ruwa ni wọ́n. Wọ́n á to kẹ́ẹ̀gì omi sórí ọmọlanke, wọ́n á máa tì í bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, àwọn kẹ́ẹ̀gì á sì máa kan ara wọn bí ẹni ń lu àpótí. Kí wọ́n tó kọjá tán, Bàbá á ti máa wá bàtà rẹ̀ kiri, nítorí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba láàárín ìlú Abuja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Màmá á ti tan sítóòfù, òórùn kẹrosíìnì á gba ilé kan, ẹ̀wà tó fẹ́ fi dín àkàrà á sì ti rẹ dáadáa nínú omi. Àdúrà Ìyá Àgbà ló máa ń gbẹ̀yìn gbogbo ìró wọ̀nyí. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Bàbá, inú yàrá kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sùn. Ará Èkìtì ni. Ilé ní tirẹ̀, ulé ni. Iṣu, uṣu ni. Kò gbọ́ Òyìnbó, kò sì gbọ́ Hausa ju "sànnu" tí wọ́n fi ń kí ènìyàn lọ. Ó ti bá wa gbé fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí Màmá sì gbé àkàrà jáde, kò ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí ń dùn mí títí di òní, nítorí èmi wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo sì ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Èsì ni mi ò lè fọ̀. Abuja ni wọ́n bí mi sí, Òyìnbó là ń sọ nílé ìwé, Òyìnbó là ń sọ níbi eré, Yorùbá sì dà bí aṣọ àwọn òbí mi tí kò tíì bá mi mu. Bí Ìyá Àgbà bá ní, "Àdùkẹ́, ṣé o ti jẹun?" màá ní, "Yẹ́ẹ̀s, mà." Á wò mí díẹ̀ bí ẹni tó nawọ́ sí ènìyàn tí ẹni náà kò nawọ́ padà, á sì tún gbé àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ sórí itan, á máa bó o lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, èmi ni Màmá máa ń rán pé kí n gbé àkàrà lọ fún Àǹtí Rálíátù. Ọ̀rẹ́ Màmá ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó ga, tí kì í bọ́ híjáàbù àwọ̀ ewé rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ iṣẹ́ lọ́yà nílùú wa. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ní, gbogbo wọn ló sì so mọ́ ẹ̀rọ ayélujára. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, èrò máa ń kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ṣì máa fọ aṣọ dúdú òun funfun wọn, ṣọ́ọ̀bù á dá páropáro. Lọ́jọ́ kan, mo dúró ti Àǹtí Rálíátù bó ṣe ń jẹ àkàrà, mò ń wo kọ̀ǹpútà kẹrin, èyí tí ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ti yọ.

"Ṣé o fẹ́ jókòó síbẹ̀ ni?" ni Àǹtí Rálíátù bi mí.

"Yẹ́ẹ̀s, mà."

"Ó dára. Kí ni tíṣà yín ní kẹ́ ẹ kọ wá?"

Mo sọ fún un pé wọ́n ní ká kọ orúkọ eegun ara wá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó sì dìde fún mi. Eegun ènìyàn kan dúró gbọnrangandan lójú kọ̀ǹpútà. Bí mo bá gbé máòsì sórí eegun kan, eegun náà á tàn, orúkọ rẹ̀ á sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé e sórí orúnkún, mo gbá orúnkún tèmi mú. Mo gbé e sórí eegun ìhà, mo ń fi ọwọ́ ka tèmi lábẹ́ aṣọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé irú nǹkan báyìí wà láyé, pé ẹnì kan tí mi ò mọ̀, níbi tí mi ò mọ̀, jókòó, ó sì ya gbogbo eegun ara sílẹ̀ kí ọmọ kan ní Bwari lè rí i.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà ni wọ́n to àwọn ojú òpó mìíràn sí. Sáìtì ni gbogbo wa ń pè é nígbà náà. Mo tẹ ọ̀kan, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin oyin. Sátidé mìíràn mo rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ìdí tí búrẹ́dì fi ń wú, àti ibi tí wọ́n ti ń fi ilé àwọn ará ayé àtijọ́ hàn, àti ojú òpó kan tí kò sọ nǹkan mìíràn ju bí a ṣe ń ta kókó okùn lọ, kókó bí ogójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kúrò níbì kan, mi ò ní mọ ọ̀nà padà. Nítorí náà mo mú dáyárì kan tí Bàbá mú wá láti ibi iṣẹ́, ti ọdún tó ti kọjá, mo ń kọ àdírẹ́sì ojú òpó kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tirẹ̀. Lábẹ́ àdírẹ́sì, màá kọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ló ká mi mọ́ ìdí dáyárì náà. Ọ̀sán ni, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò àgbàlá, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

"Kí lò ń kọ tí o fi ń rẹ́rìn-ín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Òyìnbó ṣàlàyé. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Sọ ọ́ lédè tí èmi gbọ́."

Mo wo ojú ewé náà. Ẹja ńlá inú òkun ló wà níbẹ̀, àbùùbùtán tó tóbi ju ilé lọ. Mo ní, "Ẹja kan wà, mà. Ó bí. Ó bí ọmọ. Ó ń fún ọmọ ní... ní..."

"Ní kí ni?"

Mo fi ọwọ́ kan àyà mi. Ìyá Àgbà ju ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ń fún un lọ́mú? Ẹja?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà! Ó ń fún un lọ́mú!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àdùkẹ́, ẹja tí ń fọ́mọ lọ́mú! Òun dà? Kí lo tún rí?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mo ń ka dáyárì fún un, tó bá sì di ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há mi lẹ́nu, òun á fún mi ní ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń fún ọmọ ní ẹran. Nígbà tí mo fi àwòrán kókó okùn hàn án, èyí tí Àǹtí Rálíátù bá mi tẹ̀ jáde, ó wò ó, ó fa okùn kan yọ lára igi tí a ń sá aṣọ sí, ó sì ta mẹ́fà nínú wọn kí n tó ṣẹ́jú. "Èyí la fi ń so ewúrẹ́," ló wí. "Èyí, ti igbá ẹmu. Èyí tó kù yìí, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa." Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí ni títúmọ̀ ìwé ìlera sí Yorùbá. Bí àwọn ènìyàn bá bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ, mi ò lè ṣàì rí abẹ́ máńgòrò yẹn.

Ọdún yẹn náà ni ìròyìn ń lọ kiri pé ìjọba fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màmá kò dúró kí òjò náà kàn án lórí. Ó fi gbogbo ohun tó ti kó jọ mọ ìkùdù bíríkì sẹ́yìn ilé, ó sì kó ọmọ ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀, tí wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó kẹ́ wọn bí ẹni ń kẹ́ àkọ́bí. Ó ń fún wọn lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó tún ń fi èèpo ẹ̀wà, ìrẹsì tó ṣẹ́ kù àti ìfun adìẹ lé e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tó apá mi. Bí ènìyàn bá kọjá, wọ́n á fọ́n omi ṣàà, Màmá á sì máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni ẹ máa rán Àdùkẹ́ níwèé," ni yóò sọ fún wọn.

Ìgbà tó ku bí oṣù kan ká kó wọn lọ sí ọjà ẹja ní Kado ni Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ojú líle. Ọmọ ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kó sí wàhálà; wọ́n ká a mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà níbi tó ti ń lu àwọn Òyìnbó ní jìbìtì.

"Kí lò ń lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Rálíátù?" ló bi mí.

"Mò ń kàwé, sà," ni mo fi Òyìnbó dá a lóhùn.

"Ìwé wo? Èyí tí kò ní páálí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́? Ibẹ̀ ni gbájúẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi ti ọmọ mi sínú iná."

Ó gba dáyárì lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́nú àpótí onírin rẹ̀. Mi ò lè sunkún lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì sókè rárá.

"Adé, ọdún méjì ni mo fi dákẹ́ nínú ulé yìí. Ọmọ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lo gbà lọ́wọ́ mi yẹn."

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó. Ṣùgbọ́n kò ṣí àpótí. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe èmi ló ń bínú sí. Ọkùnrin tí ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà, ohun tó bá rí tì pa náà ni yóò tì pa.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lọ́jọ́ kìíní, mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ kejì, mọ́kànlá. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo èyí tó kù ti dúró lórí ìrù bí ọ̀pá, wọ́n gbé ẹnu sókè, wọ́n ń la á, wọ́n ń pa á dé. Àwọn òkú léfòó láàárín wọn, ikùn wọn funfun. Àwọn ará àgbàlá ti pé jọ. Ẹnì kan ní ojú ayé ni. Ẹnì kan ní wọ́n da májèlé síbẹ̀. Màlámù Gárbà, bàbá arúgbó tó ń sin ẹja tirẹ̀ lódì kejì ọgbà, na ọrùn wò wọ́n, ó sì mi orí. Yorùbá tó kọ́ lọ́jà ló fi bá Màmá sọ̀rọ̀. "Kai, Ìyá Àdùkẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó tán." Ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn ti ta ìgò omi pupa kan fún Màmá pé kó dà á sínú ìkùdù. Màmá di ìgò náà mú, ó ti fẹ́ ṣí i.

Mo ń wo àwọn ẹja yẹn, mo sì rántí lójijì. Mo ti rí wọn rí. Kì í ṣe níhìn-ín, àwòrán wọn ni mo rí: ẹja tó dúró lórí ìrù, ẹnu lókè. Ojú òpó àwọn tó ń sin ẹja ni mo ti rí i, ní Sátidé kan ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Rálíátù. Àsìkò mi ti fẹ́ tán lọ́jọ́ náà, n ò kà á tán, àmọ́ mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá wà nínú omi dé orúnkún, ó ń fi agbọ̀n kó àwọn òkú. Mo lọ dúró létí ìkùdù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí àpótí."

Ó gbé orí sókè. Mo rò pé nítorí àpótí ló fi wò mí bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí Màmá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kí lo wí?"

"Mo ti rí àwòrán ohun tó ń ṣe wọ́n. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú dáyárì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Màmá da oògùn yẹn síbẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká kà á ná."

Ìyá Àgbà ní, "Abéèrè kì í ṣìnà," ó sì gba ìgò pupa náà lọ́wọ́ Màmá, ó gbé e sábẹ́ apá rẹ̀. Bàbá jáde nínú omi, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀, ó wọlé. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.

Àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ṣọ́ọ̀bù. Kò sí iná, Àǹtí Rálíátù fa jẹnẹrétọ̀ fún wa láìbéèrè ohunkóhun. Ojú òpó náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ìlà kan, ìlà kan, Bàbá sì ń mí lókè orí mi. Nígbà tí ẹja orí ìrù náà yọ tán, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Wọ́n ní bí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù, èyí tí ẹja kò jẹ á lọ jẹrà nísàlẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ á di májèlé tí ń jó ohun tí ẹja fi ń mí, omi náà á sì tún ṣaláìní afẹ́fẹ́. Wọ́n ní ká dá oúnjẹ dúró. Ká fa omi ìsàlẹ̀ jáde, ká fi omi tuntun rọ́pò bí ìdajì rẹ̀, ká má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká sì máa da omi náà láti òkè kó lè gba afẹ́fẹ́ bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ká tún un ṣe.

Bàbá kà á tán. Ó gba máòsì lọ́wọ́ mi, ó fa ojú ìwé náà wálẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn tó kọ ọ́ kọ orúkọ wọn sí, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja àti iye ọdún tí wọ́n ti wà nídìí rẹ̀. Ó ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń fi àlejò hàn. Ó ní, "Rálíátù, bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde."

Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo àgbàlá. Nígbà tí mo dé ibi oúnjẹ, Màmá jókòó sílẹ̀. "Oúnjẹ tí mò ń fún wọn ló ń pa wọ́n?" Ìyá Àgbà fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Ìkẹ́ lo kẹ́ wọn. Dìde, ká lọ bu omi."

Kò sí ẹni tó jókòó lọ́jọ́ náà. Màlámù Gárbà pariwo "Ruwa! Ruwa!" sójú ọ̀nà, gbogbo àwọn mai ruwa àdúgbò sì ya wọ àgbàlá wa. Bàbá fi rọ́bà fa omi dúdú tó ń rùn láti ìsàlẹ̀. A tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìkùdù, garawa ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ẹni tó gbẹ̀yìn á gbé e sókè orí, á dà á sílẹ̀ wàà. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó ń ka garawa, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sinmi, á fi èdè Èkìtì ké mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, mẹ́rin ló kú, a sì tún omi náà ṣe. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kan. Lọ́jọ́ Túsìdè, Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ táì, kò gbé báàgì sílẹ̀, ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ tààrà. Mo ti wà níbẹ̀.

"Mélòó?"

"Kò sí, sà."

"Kò sí?"

"Kò sí kankan! Ẹ wò wọ́n!"

Wọ́n ń wẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, ọ̀kan fi ìrù gbá omi sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun Bàbá. Bàbá ju báàgì rẹ̀ sókè, kò tilẹ̀ wo ibi tó bọ́ sí. Ó gbé mi, èmi tí mo ti wúwo, ó yí mi po lẹ́ẹ̀mejì. "O ṣé, ìyá mi," ló ń wí. "O ṣé, ìyá mi." Ìwé ìdádúró tó ń bẹ̀rù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn ló ti padà ń bá wa sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ.

Nígbà tí a kó ẹja dé Kado, àwọn obìnrin Yorùbá tó ń tà níbẹ̀ yí agbọ̀n wa ká. Wọ́n ń gbé wọn wò, wọ́n ń pòṣé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìkùdù tiwọn, ẹja wọn sì ti kú bẹ́ẹ̀ rí. "Kí lo lò fún wọn?" ni wọ́n ń bi Màmá. Màmá fà mí síwájú. "Ẹ bi í. Òun ló kà á." Mo ṣàlàyé fún wọn, mo ń fi ọwọ́ júwe, mi ò sì fi Òyìnbó bọ ọ̀rọ̀ náà àfi ibi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Agbọ̀n wa ti ṣófo kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Bàbá jọ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Rálíátù. A bá Màlámù Gárbà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti de láwàní rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ kí ọba. Obìnrin mẹ́ta ti Kado wá. Ọ̀kan fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ ewé tòmátì rẹ̀. Ọ̀kan ń béèrè ìdí tí orúnkún òun fi ń dún, mo sì ṣí ojú òpó eegun fún un. Ìyá Àgbà, tí kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù náà rí, ti gba àga tó sún mọ́ kọ̀ǹpútà jù. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá àwọn tó ń ta kókó okùn, kí a lè sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ọ̀kan ta. Bàbá sì fi ìka kan ṣoṣo ń wá lẹ́tà tó kàn lórí bọ́tìnnì.

Ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́yà dé, wọ́n wọ dúdú lórí funfun. Èrò ti kún, wọn kò rí ibi tí wọn yóò gbà wọlé. Ọ̀kan nínú wọn na ọrùn láti ìta.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, a ní ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ kíákíá."

Àǹtí Rálíátù kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ ṣe sùúrù," ló wí. "Àwọn èèyàn ń kàwé."